Àrèmabọ̀

Àwọn àgbà ní bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Àgbádárìgì lòwe yìí ti yé mi.

Láti GRA, n'Ílọrin, ni mo ti lọ, mo ti múra àtibínú sí Òyìnbó. Wọ́n mú wa wọ ilé ẹrú Sẹ̀ríkí Abass: yàrá 40, wọ́n ní èèyàn 40 ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fọwọ́ kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, mo bú sẹ́kún. Àṣé ọmọ Yorùbá ni Sẹ̀ríkí! Wọ́n kó òun náà lẹ́rú ní kékeré dé Brazil. Ó padà wálé, ó wá ń ta ọmọ ẹlòmíì. Ó kú ní 1919. Ní Gberefu, etí òkun tí wọ́n ti ń wọkọ̀ àrèmabọ̀, àwọn yòókù ń sunkún. Omijé tèmi ti gbẹ.

Mo délé, mo bi bàbá mi àgbà bóyá wọ́n ta èèyàn n'Ílọrin náà.

"Ọjà ẹrú ńlá ni ibí láyé ogun. Ọmọ ẹni tó tà, ọmọ ẹni tí wọ́n tà, gbogbo wa la jọ ń gbébẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi, ewì tí mo fẹ́ fi bú Òyìnbó ṣì wà lórí tábìlì. Mi ò tíì mọ orúkọ ẹni tí màá kọ sókè rẹ̀.