ÒṢÙWỌ̀N KAN FÚN ỌJÀ MÉJÌ: Ìtàn Bí Amẹ́ríkà Ṣe So Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò Pọ̀ Mọ́ Yunifásitì

Ìtàn tí a sábà máa ń kọ sínú ìwé ọdọọdún yìí ni ti àwọn tí ó tẹ ìlú wa dó àti ti àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún yìí, ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Amẹ́ríkà kò kéré níye, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì gba ẹnu-ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní community college, wọ inú ẹ̀kọ́ gíga. Owó ibẹ̀ kéré sí ti yunifásitì, ó máa ń wà nítòsí ilé, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lóru sì lè kẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án. Wọn a lo ọdún méjì níbẹ̀, wọn a sì kọjá sí yunifásitì ìjọba láti lo ọdún méjì yòókù. Ní ìkọjá yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń pàdánù owó àti ọdún ayé wọn, ìdí sì nìyẹn tí a fi kọ ìwé yìí.

Ní Amẹ́ríkà, a máa ń wọn ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Òṣùwọ̀n náà ni wọ́n ń pè ní kírẹ́díìtì. Ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ fún wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní sáà kan sábà máa ń jẹ́ òṣùwọ̀n 3. Ẹni tí ó bá kó nǹkan bí 120 jọ ní ọ̀nà tí ó tọ́ ni ó ń gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásitì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò sì lè fún un ní 60 nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti ná ọjà ni ó mọ̀ pé kóńgò ọjà kan kì í fi dandan bá ti ọjà kejì mu. Ohun tí a wọ̀n ní kíkún níhìn-ín, ẹlòmíràn lè wí lọ́hùn-ún pé kò kún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ìṣòro yìí kò sí. Ní ọdún 1901, ní ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, J. Stanley Brown, ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, àti William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásitì Chicago, fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí ó parí ẹ̀kọ́ girama máa gba ẹ̀kọ́ ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásitì ní ìlú wọn, láìfi ilé sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn olórí méjèèjì ti mọ ara wọn, tí wọ́n sì ti jùmọ̀ pinnu ohun tí a ó kọ́, òṣùwọ̀n Joliet kò ní ẹni tí yóò bá a jiyàn. Láti inú irúgbìn kékeré yìí ni igi ńlá náà ti hù.

Nígbà tí igi náà gbilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní ọdún 1907 tí ó fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní àṣẹ láti kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tí ó ju ti girama lọ. Ní ọdún 1910, ìlú Fresno dá kọ́lẹ́ẹ̀jì irú èyí sílẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òfin ọdún 1944 tí ó san owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ-ogun tí ó padà bọ̀ mú kí èrò kún ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogbo. Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman yàn dábàá pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tàn ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i, kò ṣeé ṣe mọ́ kí olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan mọ ààrẹ yunifásitì kọ̀ọ̀kan. Yunifásitì kan lè gba ẹ̀kọ́ ìṣirò láti ọ̀dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, kí èkejì sì kọ̀ ọ́. Nínú yunifásitì kan náà pàápàá, ẹ̀ka kan lè gbà á kí ẹ̀ka kejì má gbà á.

Ìpínlẹ̀ méjì ni ó yẹ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ kò dọ́gba. Èkíní ni California. Ní ọdún 1960, nígbà tí Clark Kerr jẹ́ ààrẹ Yunifásitì California, ìpínlẹ̀ náà ṣe ètò ńlá kan, gómìnà wọn Pat Brown sì fọwọ́ sí i kí ó di òfin. Ètò náà pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìdá kan nínú mẹ́jọ àwọn tí ó ta yọ jù ni ó lè wọ Yunifásitì California. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni ó lè wọ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ tí ó di yunifásitì lẹ́yìn náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì lè jàǹfààní ẹ̀kọ́ ni ó lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Kí ẹnu-ọ̀nà má baà tì mọ́ ẹgbẹ́ kẹta yìí, wọ́n pinnu pé àwọn yunifásitì yóò fi nǹkan bí 60 nínú ààyè 100 sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà ní ọdún kẹta àti ìkẹrin. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ètò náà mọ èyí. Síbẹ̀, àyè ìjókòó ni ó pèsè. Kò sọ ẹ̀kọ́ tí a gbọ́dọ̀ gbà àti èyí tí a lè kọ̀. Àwọn yunifásitì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni a fi sílẹ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn dúnàá-dúrà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìpínlẹ̀ kejì ni Florida. Ní ọdún 1957, James Wattenbarger gbé ètò kan kalẹ̀ níbẹ̀ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò lè wà ní ibi tí ènìyàn lè máa ti ilé lọ, kí ó sì máa padà wálé lójoojúmọ́. Àwọn ará Florida kò dúró kí ìjà tó dé kí wọ́n tó wá onílàjà. Ní ọdún 1959 ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásitì ìjọba ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀kọ́ gbogboogbò, pé ẹni tí ó bá parí rẹ̀ ní ibì kan, a kò gbọdọ̀ tún fi í dá a lágara ní ibòmíràn. Ní ọdún 1971, àdéhùn yìí di ti gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì tí a ṣe fún ìkọjá, èyí tí ó jẹ́ òṣùwọ̀n 60, tí 36 nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ gbogboogbò, ni a ṣèlérí àyè fún ní ọdún kẹta ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásitì ìpínlẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, ní àwọn ọdún 1970 náà, wọ́n fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo jákèjádò ìpínlẹ̀. Bí a bá rí ENC 1101, ẹ̀kọ́ kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ìbáà jẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó kéré jù tàbí ní yunifásitì tí ó tóbi jù. Àwọn olùkọ́ láti ìhà méjèèjì ni ó ń jókòó papọ̀ yẹ ẹ̀kọ́ wò kí wọ́n tó fún un ní nọ́ńbà. Èyí ni à ń pè ní òṣùwọ̀n kan fún ọjà méjì.

California náà padà wá ṣe àtúnṣe, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ní ọdún 2010, ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ètò ńlá náà, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ó bá gba ìwé-ẹ̀rí ìkọjá pẹ̀lú òṣùwọ̀n 60 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní àyè tí ó dájú nínú àwọn yunifásitì ìpínlẹ̀, àti pé a kò gbọdọ̀ bi í ní ju 60 mìíràn lọ bí iṣẹ́ tí ó yàn bá bá ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ mu. Ní ọdún 2021, wọ́n tún ṣòfin kí ètò ẹ̀kọ́ gbogboogbò di ọ̀kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ yunifásitì méjèèjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2025, àti kí gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ìpínlẹ̀ náà máa lo nọ́ńbà kan náà.

A kò sọ pé àwọn yunifásitì kò ní àwíjàre. Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ ní ìṣirò ọdún kẹta fẹ́ mọ̀ dájú pé ti ọdún kejì ti yé e. Ṣùgbọ́n iyèméjì tí a kò yanjú láàárín àwọn àgbà, ọrùn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń já lé. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń bá ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò ìnáwó jábọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láàárín ọdún 2004 sí 2009 pàdánù nǹkan bí 43 nínú òṣùwọ̀n 100 tí wọ́n ní. Gbogbo irú ìkọjá ni ìṣirò yìí kó pọ̀, kì í ṣe ti kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò nìkan. Àdánù mìíràn tún wà tí ó fara sin: yunifásitì lè gba òṣùwọ̀n náà wọlé, kí ó má sì kà á mọ́ ohun tí oyè tí ọmọ náà ń lépa ń béèrè. Àdéhùn Florida pàápàá kò ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ka tí àyè rẹ̀ há, tí wọ́n ń ṣa ènìyàn sí.

Ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásitì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, oyè Yunifásitì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbà títí ó fi dá dúró ní ọdún 1962. Ìbàdàn àti London ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí òṣùwọ̀n, nítorí náà oyè wọn kò ní alátakò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dàn ọlọ́dún mẹ́ta tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1955, ọdún kan náà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ tálákà láǹfààní, ṣùgbọ́n a kò la ọ̀nà tí ó dán láti ibẹ̀ lọ sí girama. Ẹni tí ó bá fẹ́ girama lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ilé tí a kọ́ láìní ọ̀nà tí ó jáde nínú rẹ̀, kò pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, a ní ìmọ̀ràn mẹ́ta fún àwọn ọmọ wa. Èkíní, kí wọ́n mọ yunifásitì àti ẹ̀ka tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó yan ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n sì gba ìdáhùn tí a kọ sílẹ̀ lọ́wọ́ yunifásitì náà. Èkejì, ní ìpínlẹ̀ tí àdéhùn bá wà, kí wọ́n gbìyànjú láti gba ìwé-ẹ̀rí ọdún méjì náà kí wọ́n tó kọjá, nítorí odidi ìwé-ẹ̀rí ni òfin sábà máa ń dáàbò bò. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n tọ́jú ìwé tí olùkọ́ fi ṣàlàyé ohun tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nínú. Òun ni ẹ̀rí wọn bí ẹnikẹ́ni bá ní kóńgò wọn kò kún.

A sì rọ àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Amẹ́ríkà pé kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹni kan tí ó ti la ìkọjá yìí já, kí ó máa tọ́ àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn sọ́nà. Owó tí à ń dá láti ran ọmọ lọ́wọ́, bí ọmọ náà bá fi tún ẹ̀kọ́ kan náà kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi ni a dà sínú agbọ̀n. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí Olódùmarè jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú.