Èdè Yorùbá ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá: Láti 1846 títí di 2025

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà èdè tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá 2022, èyí tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdí tí ó fi lélẹ̀ ni pé ní àwọn agbègbè tí a ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi ní ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a fẹ́ dúró sí wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ni, ibẹ̀ náà sì ni ìtàn rẹ̀ ti pẹ́.

Ní 1846 ni Townsend àti Crowther fìdí iṣẹ́ C.M.S. kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Kì í ṣe ìfẹ́ àṣà wa ni ó mú wọn fi Yorùbá kọ́ni. Ẹni tí yóò lè ka Bíbélì ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, nígbà tí Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859, Yorùbá nìkan ni ó fi kọ ọ́. Ó di 1860 kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀. Ta ni ì bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí a ti fi Yorùbá kọ́ ní ìwé kíkà? Ìfọ́lé ọdún 1867 ni ó fi òpin sí i.

Owó ni ó yí ọ̀ràn náà padà. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba òyìnbó ṣe fún Èkó ní 1882 pèsè owó ìrànwọ́ fún ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pèsè kọ́bọ̀ fún ti Yorùbá. Òótọ́ ni pé òfin Èkó kò dé Abẹ́òkúta, nítorí pé Ẹ̀gbá ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ títí di 1914. Ṣùgbọ́n Èkó ni iṣẹ́ akọ̀wé wà, Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi ń gbà á. Kí a má tan ara wa: àwọn òbí Ẹ̀gbá fúnra wọn ni wọ́n ń béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí a dá Abeokuta Grammar School sílẹ̀ ní 1908, kò sí ẹni tí ó retí pé Yorùbá ni a óò fi kọ́ni níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, I. O. Ransome-Kuti, ni ó padà di ọ̀gá rẹ̀ láti 1932 títí di 1954. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́, NUT, tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Nígbà tí ìjọba gbé Ìgbìmọ̀ Elliot dìde ní 1943 lórí ẹ̀kọ́ gíga, ó wà lára wọn. Olùkọ́ Abẹ́òkúta jókòó níbi tí a ti ń dá ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ní 2025, rédíò ni àwa ti gbọ́ tiwa.

Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí a kọ́kọ́ fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí a wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni tí ó bá yá. Nígbà wo ni yóò yá? Kò sọ. Àwa fúnra wa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1988. Páálí kan wà ní kíláàsì wa tí a máa ń so mọ́ ọrùn ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá, títí ẹlòmíràn yóò fi ṣẹ̀. Olùkọ́ kan náà tí ń so páálí yìí ni ó ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìdajì àti ìdá mẹ́rin fún wa kí ó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sí ojú pátákó. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní yé wa. Kì í ṣe ìkà. Ìdánwò ni ó ń bẹ̀rù: Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń béèrè Ìṣirò ní òpin kíláàsì kẹfà, ìlànà 1977 kò sì yí ìyẹn padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìbéèrè mọ̀ pé ibi tí ìdánwò bá kọjú sí ni olùkọ́ ń kọjú sí.

Ẹ wá jẹ́ kí a ka ọdún. Ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní oṣù Kẹsàn-án 2023, kíláàsì kẹta ni ó wà nígbà tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Báwo ni yóò ṣe ti fìdí rẹmi ní WAEC? Abẹ́ ìlànà àtijọ́ ni àwọn tí ó fìdí rẹmi ti jáde, èyí tí ó fún èdè abínibí ní ọdún mẹ́ta péré, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò sì tẹ̀ lé. Ẹ̀sùn tí a fi kan Yorùbá kò lè mú un, nítorí pé kò sí níbẹ̀.

Ibi tí a ti dán an wò dáadáa wà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ ní St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Wọ́n kọ ìwé Ìṣirò àti ti Sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún iṣẹ́ náà. Ní gbogbo ọdún tí a ti ń kọ́ni, a kò tí ì rí ọ̀kan nínú ìwé wọ̀nyẹn ní kíláàsì kankan ní Abẹ́òkúta.