Michael Chandler (onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì)

Michael J. Chandler ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ sàíkọ́lọ́jì tẹ́lẹ̀ ní Yunifásítì British Columbia, ní ìlú Vancouver, orílẹ̀-èdè Kánádà. Ìwádìí tí òun àti Christopher Lalonde ti Yunifásítì Victoria ṣe lórí gbígba ẹ̀mí ara ẹni láàárín àwọn ọ̀dọ́ First Nations, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Kánádà, ni a fi mọ̀ ọ́n jù.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ìbéèrè tí Chandler kọ́kọ́ ń lépa kì í ṣe ti ikú. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ọ̀dọ́ gbà pé òun náà ṣì ni òun, bó ti wù kí ara àti ìwà rẹ̀ yí padà tó. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ìtàn ẹni tí ayé rẹ̀ yí padà pátápátá han àwọn ọ̀dọ́, irú bíi ti Jean Valjean nínú Les Misérables, wọn a sì béèrè ìdí tí a fi lè pè é ní ẹnì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló rí èsì fọ̀. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n fẹ́ pa ara wọn kò rí ìdí kankan sọ. Èrò Chandler ni pé ẹni tí okùn tó so àná rẹ̀ mọ́ ọ̀la bá já kì í rí ìdí tó fi yẹ kí òun tọ́jú ọ̀la náà.

Ìwádìí ní British Columbia

Ó wá béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún odindi àwùjọ. Ìbéèrè yìí wúwo ní Kánádà. Òfin ka ayẹyẹ potlatch léèwọ̀ láti 1885 títí di 1951, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti fi ìyà jẹ wọ́n nítorí pé wọ́n sọ èdè abínibí wọn.

Nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998, Chandler àti Lalonde yẹ àkọsílẹ̀ ikú láti 1987 sí 1992 wò ní àwùjọ tó sún mọ́ 200. Iye ọ̀dọ́ First Nations tó ń pa ara wọn ga púpọ̀ ju ti àwọn ọ̀dọ́ Kánádà yòókù lọ, ṣùgbọ́n àròpọ̀ yìí ń tan ènìyàn jẹ. Ní ohun tó ju ìdajì àwùjọ náà lọ, kò sí ọ̀dọ́ kankan tó pa ara rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ikú náà ló ṣẹlẹ̀ ní ìdá 10 péré nínú àwọn àwùjọ.

Wọ́n wo ohun mẹ́fà: ìjàdù fún ilẹ̀ bàbá wọn, ìjọba ara-ẹni, àti bóyá àwùjọ fúnra rẹ̀ ló ń darí ẹ̀kọ́, ìlera, ọlọ́pàá àti panápaná, àti ilé àṣà. Níbi tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti pé, kò sí ikú bẹ́ẹ̀ rárá. Níbi tí kò ti sí ìkankan, ó tó bíi 137 nínú 100,000 ọ̀dọ́. Ìjọba ara-ẹni ni ipa rẹ̀ hàn jù. Ìbátan ni èyí fi hàn, kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀kan ló fa èkejì. Àwùjọ tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ lè tètè gba ìjọba ara-ẹni.

Ní 2007, pẹ̀lú Darcy Hallett, wọ́n fi èdè kún un. Ní àwọn àwùjọ díẹ̀ tí ó kéré tán ìdajì ènìyàn ti lè fi èdè abínibí wọn sọ̀rọ̀, gbígba ẹ̀mí ara ẹni láàárín ọ̀dọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ó yẹ kí a fara balẹ̀ ka èsì yìí. Síbẹ̀ àwọn tó ń jà fún ìmúsọjí èdè ń tọ́ka sí i.

Ìmọ̀ràn rẹ̀

Chandler tako àṣà kí ìjọba ṣe ètò kan ṣoṣo kí ó sì pín in fún gbogbo àwùjọ láti òkè. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pọ̀ wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ọ̀dọ́ wọn, ó ní ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí àwùjọ tó ń jìyà ti lọ kẹ́kọ̀ọ́, láti àwùjọ sí àwùjọ.