Ìpín Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ: Ìtàn Pípa Ìpín Hard Disk Rẹ́ lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò bára mu tó bá di ti ìpín hard disk tó kọ̀ tí kò parẹ́. Ẹnìkan á ní kí ẹ tẹ FDISK /MBR. Òmíràn á ní format ló máa kápá rẹ̀. Ẹ̀kẹta á ní dísíìkì náà ti bàjẹ́, kí ẹ lọ ra tuntun. Ìwé tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fọ́n káàkiri, púpọ̀ nínú wọn sì ti bá àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ wọ́n lọ. Ìdí nìyí tí mo fi to ìtàn náà jọ síbí.

Ṣáájú IBM PC, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá àti àwọn tó ń lo Unix ti ń pín dísíìkì ní ọ̀nà tiwọn.

Oṣù Kẹta ọdún 1983 ni tiwa bẹ̀rẹ̀. IBM gbé PC XT jáde pẹ̀lú hard disk mẹ́gábáìtì 10, PC DOS 2.0 sì bá a dé. Inú DOS yìí ni FDISK, ètò tó ń pín dísíìkì, ti kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n fẹ́ kí DOS lè bá ètò mìíràn bíi CP/M-86 gbé inú dísíìkì kan láìjà. Bí ẹbí ṣe ń pín ilẹ̀ ni wọ́n ṣe é: wọ́n sàmì sí ààlà, wọ́n sì kọ ẹni tó ni ibì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ lórí dísíìkì, tí wọ́n ń pè ní MBR, ni ìwé náà, báìtì 512 péré. Báìtì 446 àkọ́kọ́ wà fún ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà. Báìtì 64 tó tẹ̀ lé e ni àkọsílẹ̀ ìpín: àyè mẹ́rin, báìtì 16 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì tó kẹ́yìn, 55 àti AA, ni èdìdì. Nínú báìtì 16 yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń sọ irú ẹni tó ni ìpín: 05 fún extended ti DOS, 07 fún NTFS ti Windows, 83 fún Linux. Ẹyọ báìtì yìí ló bí ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ní 1987, DOS 3.3 mú ìpín extended dé, èyí tí ń gba àwọn ìpín kéékèèké tí wọ́n ń pè ní logical sínú. Sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ló ń gba àkọsílẹ̀ àwọn logical yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ìwé náà á sì tọ́ka sí èyí tó kàn, bí ẹ̀wọ̀n.

Nígbà tí Linux dé ní àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ èèyàn fi í sínú logical, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò, wọ́n á ki floppy Windows 98 bọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ FDISK, wọ́n á mú nọ́ńbà 3 láti pa ìpín rẹ́. Wọ́n á ní kí ó pa extended rẹ́. FDISK á dáhùn pé kò ṣeé ṣe, logical ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n á lọ pa logical rẹ́. FDISK kan náà á ní kò sí logical kankan. Ó rí i pé ẹnìkan wà nínú yàrá, àmọ́ kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì lè lé ẹni tí kò mọ̀ jáde. Àyè tó wà fún pípa ìpín tí kì í ṣe ti DOS rẹ́ kò wúlò níhìn-ín, nítorí àwọn mẹ́rin tó wà nínú sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún NTFS tó bá wà nínú logical. Dísíìkì kò ní àìsàn kankan.

Ọ̀rọ̀ FDISK /MBR gba sùúrù, nítorí òótọ́ wà lẹ́nu ìhà méjèèjì. Àwọn tó ní kò ṣiṣẹ́ sọ òótọ́: ètò tó wà ní iwájú sẹ́kítọ̀ nìkan ló ń tún kọ, ó sì ń fi báìtì 64 ti ìpín sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ní ó gba àwọn náà kò purọ́. Ẹni tó ti pa ìpín Linux rẹ́ láìyọ LILO, ètò tó ń jí Linux, kúrò á rí i pé kọ̀ǹpútà dúró sórí lẹ́tà L tàbí LI, kò sì lọ mọ́. FDISK /MBR ló ń tú irú ìdè bẹ́ẹ̀. Àìsàn méjì ni, wọ́n kàn ń pè wọ́n ní orúkọ kan ni. Ní ti format, kò kan ìpín rárá. Inú ìpín ló ń tún ṣe.

Fdisk ti Linux, tó ti wà láti 1992, ni mo fara mọ́ jù. Ó mọ irú ìpín tó pọ̀, kì í sì í béèrè ẹni tó ni ín kó tó pa á rẹ́. Ẹ tẹ d, ẹ tẹ nọ́ńbà ìpín. Títí ẹ ó fi tẹ w, kò sí ohun tó yí padà lórí dísíìkì. Ẹni tó bá fẹ́ nu gbogbo àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan lè lo dd if=/dev/zero of=/dev/hda bs=512 count=1, èyí tí ń kọ òdo sórí sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́. Láyé ìgbà náà, Microsoft náà ní Delpart, ètò kékeré fún iṣẹ́ yìí.

Láti Windows XP ní 2001 ni diskpart ti gba ipò FDISK. Àṣẹ clean inú rẹ̀ ń nu gbogbo ìpín. Irú àkọsílẹ̀ ìpín mìíràn, GPT, ló wá rọ́pò àkọsílẹ̀ àtijọ́ lórí ẹ̀rọ tuntun. Ó ń gba ìpín 128, ó sì ń tọ́jú ẹ̀dà ara rẹ̀ sí ìparí dísíìkì, nítorí náà nínu sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ nìkan kò tó mọ́.

Pípa ìpín rẹ́ kò pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń wọ Èkó, wọ́n sì bá àkọsílẹ̀ àṣírí àwọn tó lò wọ́n tẹ́lẹ̀ lórí hard disk wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó tẹ w, ẹ yọ okùn dísíìkì yòókù kúrò lára ẹ̀rọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ ta kọ̀ǹpútà náà, ẹ kọ òdo sórí gbogbo dísíìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.