Ọ̀rọ̀ Sísọ àti Ìdákẹ́jẹ́: Ẹni tí ó Mu Ọtí Wa Ọkọ̀ àti Inṣọ́ránsì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe iṣẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìtàn òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti àìsọ. Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá ènìyàn lẹ́bi pé ó mu ọtí wa ọkọ̀, kí ni ó gbọ́dọ̀ sọ fún ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì, ìgbà wo ni ó sì lè dákẹ́?

Òfin Ìrìnnà ti ọdún 1930 pàṣẹ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sí títì láìní inṣọ́ránsì tí yóò san owó fún ẹni tí ó bá ṣe léṣe. Òfin kan náà ni ó sọ pé ẹni tí ọtí kò jẹ́ kí ó lè darí ọkọ̀ dáadáa yóò pàdánù ẹ̀tọ́ ìwakọ̀ fún oṣù 12, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí pàtàkì. (Ìjọba amúnisìn ṣe irú òfin inṣọ́ránsì bẹ́ẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1945.) Inṣọ́ránsì di dandan fún awakọ̀, ṣùgbọ́n kò di dandan fún ilé-iṣẹ́ kankan láti gba ẹnikẹ́ni. Nípa báyìí, nígbà tí oṣù 12 bá pé, ẹlẹ́ṣẹ̀ tún bọ́ síwájú adájọ́ kejì, èyí tí kò wọ aṣọ adájọ́.

Òfin adájọ́ kejì yìí dàgbà ju ọkọ̀ lọ. Ní 1766, Lord Mansfield gbọ́ ẹjọ́ inṣọ́ránsì lórí ibi odi kan ní Sumatra tí àwọn ará Faransé gbà. Ó fi lélẹ̀ pé ẹni tí ó ń ra inṣọ́ránsì ni ó mọ àṣírí ọ̀ràn ara rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tú u síta. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tí ó ta inṣọ́ránsì ni ó pàdánù ẹjọ́ náà! Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò ni ó jẹ èrè ìlànà rẹ̀. Òfin inṣọ́ránsì orí omi ti 1906 kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ilé ẹjọ́ sì fi de gbogbo oríṣi inṣọ́ránsì: ohun tí a kò bi ọ́ pàápàá, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Yorùbá ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níhìn-ín, ìdákẹ́jẹ́ ẹni ni ó ń pariwo léni lórí. Ní 1975, obìnrin kan tí kò mẹ́nu ba ẹ̀bi ọkọ rẹ̀ pàdánù owó ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ tí ó sọnù. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà sọ pé ìwà ọmọlúwàbí ni yóò jẹ́ bí ilé-iṣẹ́ náà bá san án fún un.

Ṣáájú èyí, ní 1967, lábẹ́ Barbara Castle, mínísítà ìrìnnà, wọ́n fi òṣùwọ̀n lélẹ̀: mílígíráàmù ọtí 80 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ 100. Awakọ̀ kò níláti ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ mọ́ kí a tó dá a lẹ́bi. Òfin 1974 wá fún ẹlẹ́ṣẹ̀ láyè láti dákẹ́ bí ọdún 5 bá ti kọjá. Láti oṣù kẹrin 2013, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2012, ilé-iṣẹ́ gan-an ni ó gbọ́dọ̀ béèrè. Ti oníbàárà ni kí ó fara balẹ̀ dáhùn láìpurọ́.

Èmi kò káàánú ẹni tí wọ́n bu owó gọbọi lé nítorí ọtí. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́bàá títì ni mo ń rò. Bí owó náà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi jáde láìní inṣọ́ránsì, Motor Insurers' Bureau, tí a dá sílẹ̀ ní 1946, ni yóò san owó fún ẹni tí ó bá gbá, láti inú owó tí àwa tí a ń san tiwa déédéé dá jọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yé ni, tí ó sì ní ìpẹ̀kun, sàn fún gbogbo wa ju ìjẹ́wọ́ tí kò lópin lọ.

Awakọ̀ kan ní Peckham tí a dá lẹ́bi ní 2020 níláti dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” títí di 2025. Lẹ́yìn èyí, òfin gbà á láyè láti dáhùn “rárá”, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì ẹ̀bi náà yóò wà lórí àkọsílẹ̀ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ títí di 2031.