Ọjọ́ Orí Ẹlẹ́rìí Níbi Ìgbéyàwó: Láyé Àtijọ́ àti Lóde Òní

Àwọn tó ń gbéyàwó ní ìlànà ìṣẹ̀ṣe ní Ìbàfò àti agbègbè rẹ̀ a máa bi wá pé: ọmọ ọdún mélòó ló lè ṣe ẹlẹ́rìí? Ìbéèrè tuntun ni. Láyé àwọn bàbá wa, ẹnikẹ́ni kì í ka ọjọ́ orí ẹlẹ́rìí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í yan ẹlẹ́rìí. Ẹbí méjèèjì ni ẹlẹ́rìí.

Samuel Johnson, tí wọ́n tẹ ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ̀rọ̀ nípa ìṣíhùn àti ìdána. Ta ló ń wà níbẹ̀? Alárinà ni, olórí ẹbí, àwọn ìyá àti àwọn obìnrin ilé. Ipò ni wọ́n ń wò. Àgbàlagbà tí kì í ṣe ara ilé, àlejò lásán ni, ì báà ti hu ewú.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn ọmọdé o. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kékeré kan a máa tẹ̀ lé ìyàwó dé ilé ọkọ. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Ní ogójì ọdún sí i, tí àwọn àgbà bá ti papò dà, òun nìkan ló kù tó lè sọ pé, "Ó ṣojú mi." Lójú tiwa, ọgbọ́n ńlá ni: àgbà fún àṣẹ, ọmọdé fún ìrántí ọjọ́ pípẹ́.

Òfin ìgbéyàwó àwọn òyìnbó dé Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Èyí tí à ń lò títí dòní bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ó ní kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbi ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, kí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mélòó? Kò sọ. Ọkọ àti ìyàwó ló ka ọdún fún: ẹni tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún 21 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí. Àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa tó ń tọ ọ̀nà Màlíkì ní tiwọn ń fẹ́ ọkùnrin méjì tó ti bàlágà, tó sì jẹ́ olódodo. Ní Skọ́tilándì, òfin 1977 ní kí ẹlẹ́rìí pé ọmọ ọdún 16. Òfin ẹ̀rí ti Nàìjíríà, ti 2011, ní kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 14 má ṣe búra ní kọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ó lè sọ ohun tó rí bí òye rẹ̀ bá tó o.

Kí ló wá dé tó fi kan Ìbàfò? Láti ìgbà tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí ní 1978, àwọn èèyàn ń ti Èkó àti ibi gbogbo wá kọ́lé síbẹ̀. Ẹbí wọn wà lọ́nà jíjìn. Ẹgbẹ́ ọkọ, ọ̀rẹ́ ìyàwó àti alága ìjókòó ló kún agbo. Alága tí wọ́n sanwó fún pé kó dá wọn lára yá, ẹ̀rí wo ló fẹ́ jẹ́? Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú tí wọ́n sì ń du ilé mọ́ opó lọ́wọ́, ohun tí kọ́ọ̀tù ń béèrè ni pé: ta ló rí i nígbà tí wọ́n san owó ìdána? Ta ló rí i nígbà tí wọ́n fa ìyàwó lé ẹbí ọkọ lọ́wọ́?

Àwọn awo kan ń sọ pé Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín, ti tó. Òótọ́ ni, Ifá tí a dá kí ẹbí tó jẹ́ hẹn rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ò ní pe Ifá wá sínú àpótí ẹlẹ́rìí, àbí?

Àbá wa ni pé kí tẹ́ḿpìlì kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìgbéyàwó. Kí àgbà kan fọwọ́ sí i láti ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀dọ́ kan tó ti pé ọmọ ọdún 18 sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó tẹ ìka. Kí wọ́n kọ ọjọ́ orí olúkúlùkù síwájú orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí tọkọtaya lọ forúkọ ìgbéyàwó náà sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ láàárín 60 ọjọ́, bí òfin 1992 ti là á sílẹ̀.