Máínọ̀ Nínú Oyè Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà: Yíyàn Rẹ̀ àti Píparí Rẹ̀ Lásìkò

Àlàyé yìí wà fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wa tí wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún àwọn tí wọ́n ń gbáradì láti lọ, àti fún àwọn òbí tí owó wọn ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ìbéèrè kan ni ó mú kí a kọ ọ́: ọmọ pe ilé, ó ní òun fẹ́ fi máínọ̀ kún ẹ̀kọ́ òun, bàbá àti ìyá kò mọ̀ bóyá ohun ayọ̀ ni tàbí ohun ìnáwó. Àwọn òbí kan a máa rò pé oyè méjì ni ọmọ yóò gbà bọ̀ wálé. Àwọn mìíràn a rò pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti sú u ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Olórí ẹ̀kọ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí a torí rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè. Máínọ̀ jẹ́ àkójọ kọ́ọ̀sì díẹ̀ láti inú ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn, tí ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ ti là sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá ṣe é tán ti ní ìmọ̀ tí ó nítumọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn. Kì í ṣe oyè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú transcript nìkan ni orúkọ rẹ̀ máa ń hàn, kì í hàn lára ìwé ẹ̀rí tí a ń fi gíláàsì bò kọ́ sára ògiri. Ní MIT, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, kọ́ọ̀sì márùn-ún sí méje ni máínọ̀ máa ń ní, akẹ́kọ̀ọ́ kan kò sì lè gbà ju méjì lọ. Ní àwọn yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia, tí Georgia Tech ti ìlú Atlanta jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yúnìtì 15 sí 18 ni òfin là sílẹ̀, ó kéré tán 9 nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́ọ̀sì àwọn ọdún òkè. Orúkọ pàápàá kì í dọ́gba. Ní Yunifásítì Wisconsin ti ìlú Madison, certificate ni wọ́n ń pe irú nǹkan yìí. Òbí tí ó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni. Kí ó fara balẹ̀, ohun kan náà ni.

Ó yé wa ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ṣàjèjì. Nílé wa, ọdún márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba ọ̀nà UTME wọlé fi ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀ka kan ni ó ń bá lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ohun tí ó sì máa ń mú un jáde síta kíláàsì ni SIWES, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Máínọ̀ kò wọ́pọ̀ nínú ètò bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ti Amẹ́ríkà, àyè yíyàn sì pọ̀ níbẹ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, ṣùgbọ́n àyè náà ní ààlà. Ààlà yìí ni a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí.

ABET ni àjọ tí ń fi òǹtẹ̀ lu ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà. Ó béèrè pé kí ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ìpìlẹ̀ má ṣe dín ní yúnìtì 30, kí kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ẹ̀rọ gan-an má sì ṣe dín ní 45. Yunifásítì a tún fi ti ara rẹ̀ lé e: kíkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn, ìmọ̀ nípa àwùjọ, iṣẹ́ yàrá-ìwádìí, àti iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn. Àpapọ̀ rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 120 sí 130 yúnìtì. Bí a bá pín 128 sí sẹ̀mẹ́sítà mẹ́jọ, 16 ni ó kan sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan, ẹrù tí ó tó gbé sì ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá fi máínọ̀ oní-yúnìtì 18 lé e lórí láìsí ohun tí ó pa méjèèjì pọ̀, ó ti fi iṣẹ́ tí ó ju sẹ̀mẹ́sítà kan lọ kún ẹrù tí ó ti kún tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: kọ́ọ̀sì mélòó nínú máínọ̀ yìí ni ó ti wà nínú ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe tẹ́lẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Mechanical tí ó fẹ́ ṣe máínọ̀ nínú ìmọ̀ ìṣirò. Dandan ni kálíkúlọ́ọ̀sì àti ìṣirò ìdọ́gba onídífẹ́rẹ́ńṣà fún un. Bí ẹ̀ka ìṣirò bá gbà wọ́n, ìwọ̀nba kọ́ọ̀sì díẹ̀ ni ó kù. Ṣùgbọ́n kí ó ka òfin dáadáa. Ní Georgia tí a mẹ́nu bà, kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀ gbogbogbòò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe kì í kà fún máínọ̀. Ní ibòmíràn, wọn a fi iye sí i pé kọ́ọ̀sì méjì péré ni a lè kà fún ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń gbójú fò: MIT ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kọ́ọ̀sì mẹ́jọ nínú ìmọ̀ nípa ọmọnìyàn, iṣẹ́ ọnà àti àwùjọ. Ẹni tí ó bá ń ṣà wọ́n níhìn-ín àti lọ́hùn-ún yóò parí mẹ́jọ láìrí ohun kan pàtó tọ́ka sí. Ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n tò wọ́n sórí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé tàbí ìtàn lè fi púpọ̀ nínú wọn gba máínọ̀, kí iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ má sì mọ̀ ọ́n lára.

Yàtọ̀ sí iye kọ́ọ̀sì, ètò bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra tún wà, òun ni ó sì máa ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ká gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ Civil kan fẹ́ máínọ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò lè wọ kíláàsì lórí bí a ti ń to détà jọ láìjẹ́ pé ó ti kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kò sì lè wọ kíláàsì tí ó tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé ó ti yege nínú èyí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, ẹni tí kò bá bọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án yóò dúró di oṣù kẹsàn-án ọdún tí ń bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ irú máínọ̀ yìí ní ọdún kejì yóò parí rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ẹni tí ó bá jí sí i ní ìparí ọdún kẹta kò ní àyè tí ó tó mọ́, bí ó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó.

Kí ni ó yẹ kí a yàn? A kò lè yàn fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a kò ní fi ohun tí a rò pamọ́. Máínọ̀ tí ó dára jù ni èyí tí ó dáhùn ìbéèrè tí olórí ẹ̀kọ́ kò lè dáhùn. Ẹni tí ń kọ́ nípa omi àti ọ̀nà yóò rí ìlò ìmọ̀ àyíká tàbí ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, nítorí pé afárá tí a kò rí owó tọ́jú yóò wó, bí ìṣirò rẹ̀ tilẹ̀ pé. Sítátísítíìkì yóò wúlò fún ẹni tí ń kọ́ nípa iná mànàmáná. Èyí tí a kò fọwọ́ sí ni máínọ̀ tí a mú nítorí pé ọ̀rẹ́ ń ṣe é, tàbí méjì tí a kó pọ̀ nígbà tí máàkì olórí ẹ̀kọ́ ń wálẹ̀. Agbanisíṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wo máàkì yẹn.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há a láàárín. Wọ́n ń kọ́ èdè Yorùbá ní àwọn yunifásítì kan níbẹ̀. Wisconsin ní Madison àti Yunifásítì Florida ní Gainesville wà nínú wọn. Ọmọ wa tí a bí sí òkè òkun, tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, lè béèrè bóyá kọ́ọ̀sì èdè náà yóò kà fún un níbi tí wọ́n ti béèrè fún ìmọ̀ nípa ọmọnìyàn. Ọmọ tí a tọ́ dàgbà nílé níbí kò gbọ́dọ̀ lọ jókòó ní kíláàsì àwọn tí ń kọ́ a, b, d kí ó lè rí máàkì ọ̀fẹ́. Àwọn olùkọ́ náà mọ̀, wọn kì í sábà gbà á.

Ọ̀rọ̀ físà ni ó wúwo jù nínú gbogbo èyí. Ẹni tí ó wà lórí físà F-1 gbọ́dọ̀ máa ṣe ó kéré tán yúnìtì 12 ní sẹ̀mẹ́sítà kọ̀ọ̀kan ní ìpele oyè àkọ́kọ́, kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí kò ju yúnìtì 3 lọ, ni a sì lè kà mọ́ ọn. Ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́ wà nínú ìwé I-20. Kí ọjọ́ náà tó pé ni a ti gbọ́dọ̀ béèrè fún àfikún, ìdí tí òfin sì mọ̀ ni ìdí tòótọ́ láti inú ẹ̀kọ́ tàbí àìsàn tí ó ní ìwé ẹ̀rí: bí àpẹẹrẹ, yíyí olórí ẹ̀kọ́ padà, tàbí ìwádìí tí ó bá ìṣòro àìròtẹ́lẹ̀ pàdé. Kọ́ọ̀sì máínọ̀ kan tí ó ṣẹ́kù kì í ṣe ìdí tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́kàn lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi kọ́ọ̀sì dandan kan sílẹ̀ di ìkẹyìn, tí ó wá kùnà nínú rẹ̀ nítorí ẹrù máínọ̀, ti fi oyè gan-an sínú ewu. Kí ó tó dín kọ́ọ̀sì kù tí yúnìtì rẹ̀ yóò fi bọ́ sábẹ́ 12, kí ó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Gbígba àṣẹ lẹ́yìn tí a ti dín in kù kò bá òfin mu.

Àṣìṣe kejì tí ó jẹ mọ́ físà ni ti iṣẹ́ lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Àṣẹ iṣẹ́ tí a mọ̀ sí OPT jẹ́ oṣù 12, àwọn tí oyè wọn wà nínú sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sì lè béèrè fún oṣù 24 sí i. Olórí ẹ̀kọ́ ni òfin ń wò fún méjèèjì. Máínọ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè sọ ẹni tí olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ ìtàn di ẹni tí ó yẹ fún oṣù 24 náà. Bákan náà, ẹni tí ó gba oyè nínú Mechanical, tí ó sì rí iṣẹ́ sí báńkì nítorí máínọ̀ ìṣúná owó, gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti tan mọ́ Mechanical. Bí kò bá lè ṣe é, àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu. Ó yẹ kí a mọ èyí ní ọdún kejì, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti tọwọ́ bọ ìwé iṣẹ́.

Ní ti owó, ẹ béèrè ohun méjì péré. Ṣé iye kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà láti yúnìtì 12 sókè, tàbí wọ́n ń ka yúnìtì kọ̀ọ̀kan? Bí iye kan náà bá ni, níbo ni ó ti dópin, nítorí pé ohun tí ó bá kọjá ibẹ̀ ní owó tirẹ̀. Èkejì, ṣé sẹ̀mẹ́sítà mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí a fún ọmọ yóò san? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, sẹ̀mẹ́sítà kẹsàn-án wà lọ́rùn òbí.

Ní ti píparí rẹ̀, ṣíṣe kọ́ọ̀sì nìkan kò tó. A ní láti fi orúkọ sílẹ̀ fún máínọ̀ ní ẹ̀ka tí ó ni ín, kí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka náà buwọ́ lù ú, kí ó sì hàn nínú àkọsílẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń ṣàyẹ̀wò ohun tí ó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gboyè. Ní MIT, odindi sẹ̀mẹ́sítà kan ṣáájú ìgboyè ni ìwé ìbéèrè ti gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ ṣọ́ra fún kọ́ọ̀sì tí a ṣe láìgba máàkì, èyí tí wọ́n kàn ń kọ "yege" sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kì í kà á. Ẹ ṣọ́ra fún kọ́ọ̀sì tí a ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nígbà ìsinmi; kí a ti gba ìfọwọ́sí lórí ìwé kí a tó san owó rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì rí i pé orúkọ máínọ̀ wà lórí ìwé tí ó fi béèrè fún oyè, nítorí pé lẹ́yìn tí a bá ti fún un ní oyè, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í padà fi í kún un.

Bí ó bá di ọdún kẹrin tí kọ́ọ̀sì méjì sì kù, tí wọ́n ń forí gbárí pẹ̀lú iṣẹ́ àkànṣe, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó fi máínọ̀ sílẹ̀. Àwọn kọ́ọ̀sì tí ó ti ṣe yóò ṣì wà nínú transcript pẹ̀lú máàkì wọn, ó sì lè dárúkọ wọn fún agbanisíṣẹ́. Òbí tí ó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ń ṣe méjì lè rò pé ìtìjú ni. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi èyí ni ọmọ lára.

Fún àwọn tí wọ́n ń bọ̀ wálé, oyè ìmọ̀ ẹ̀rọ ni àjọ COREN ń wò fún ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe máínọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó gboyè ní NYSC láti sìn, a ó sì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé inú transcript ni máínọ̀ wà, kí akẹ́kọ̀ọ́ san gbogbo gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà transcript méjì tàbí mẹ́ta tí a fi èdìdì dì, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kì í fún ẹni tí ó bá jẹ wọ́n ní gbèsè, bíbéèrè rẹ̀ láti ìhín sì máa ń gba àkókò.